“Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Ọlọ́hun” Kì Í San Owó Bọ́ńpà

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ń bá ẹlòmíràn wí láìka ara mi mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń ti Ìwó Road bọ̀ sí Agodi Gate ní Ìbàdàn. Corolla kan wà níwájú mi, obìnrin kan ló ń wà á. Máíkírà tó wà níwájú rẹ̀ ṣàdédé dúró láti gbé èrò, bí àwọn onímáíkírà ṣe máa ń ṣe. Obìnrin náà tẹ bíréèkì. Èmi kò tètè tẹ tèmi, nítorí ojú mi wà lórí fóònù. Òbí ọmọ kan ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nípa owó ilé kéú. Kí n tó gbójú sókè, mo ti gbá a. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan fọ́ yángá, bọ́ńpà ń fì dirodiro, búùtù kò pa dé mọ́.

Kò pẹ́ rárá tí èrò fi pé lé wa lórí. Mo wọ jalamíà, mo dé fìlà, irùngbọ̀n sì wà lágbọ̀n mi. “Àfáà ni o! Ẹ má bínú, mọ̀mí. Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun.” “Ẹ dúpẹ́ pé kò la ẹ̀mí lọ.” “Kádàrá ni, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá mọ́tò.” Wọ́n tó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó bi mí pé èló ló wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó wo gbogbo wa, ó ní, “Ó ti tán.” Ọlọ́kadà kan fún un ní okùn, ó fi so búùtù rẹ̀, ó lọ. Èmi náà ní, “Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere.” Alhamdulillaah ni mo ń ṣe títí mo fi délé.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, a jókòó ti Risaala ní kíláàsì, ìwé Ibn Abii Zayd ará Qayrawaan, tó papò dà ní ọdún 386 Hijira. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéú dáadáa mọ̀ ọ́n. A dé ibi tó ti sọ pé ẹni tó ń da ẹranko láti ẹ̀yìn, ẹni tó ń fà á níwájú àti ẹni tó gùn ún, gbogbo wọn ni yóò dúró fún ohun tí ẹranko náà bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ kan nawọ́ sókè: “Ùsítáàsì, mọ́tò ńkọ́?” Mo ní, “Bákan náà ni. Ẹranko ṣì ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, mọ́tò kò ní. Ẹni tó ń wà á ni yóò san.” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí itọ́ fi gbẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ti sọ ẹ̀bẹ̀ di owó tí a fi ń san gbèsè. Ẹni tó bá gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, tó bá ti lè dọ̀bálẹ̀, tó bá ti rí èrò bá a bẹ̀ ẹ́, tó bá ti dárúkọ Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ń sọ fún yín pé kò tíì san kọ́bọ̀.

Wọ́n á ní, “N kò mọ̀ọ́mọ̀.” Òótọ́ ni. Àṣìṣe máa ń mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ènìyàn, kì í mú gbèsè kúrò. Ẹ ṣí Súúrà An-Nisaa, aaya 92. Ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo, Ọlọ́hun kò ní kó máa lọ sílé nítorí pé àṣìṣe ni. Ó ní kó tú ẹrú onígbàgbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì san owó ẹ̀mí fún ẹbí olóògbé, àfi tí àwọn ẹbí náà bá fi tọrẹ. Ẹ kíyè sí i: ẹbí olóògbé ló lè fi tọrẹ, kì í ṣe àwọn tó ń kọjá lọ. Bí ẹ̀mí bá rí báyìí, kí wá ni ti bọ́ńpà?

Ẹ tún wo ẹjọ́ tó wà nínú Súúrà Al-Anbiyaa, èyí tí Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sulaimọ́nù dá. Àgùntàn ló wọ oko olóko lóru. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà san án ni ìdájọ́ àwọn méjèèjì fi yàtọ̀. Kò sí èyí tó ní kí olóko fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ó sì wà nínú Bukhari pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì wa gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nígbà tó wà nílé ìyàwó mìíràn. Owú mú onílé, ó gbá ọwọ́ ìránṣẹ́, àwo fọ́. Ànábì ṣa àfọ́kù jọ, ó ṣa oúnjẹ náà, ó bá onílé wá àwáwí pé owú ló fà á, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà lọ títí wọ́n fi gbé odindi àwo jáde láti ilé ẹni tó fọ́ ọ. Nínú ilé ara rẹ̀ o, láàárín ìyàwó sí ìyàwó, lórí àwo oúnjẹ!

Ti kádàrá ńkọ́? Mo gba kádàrá gbọ́, rere àti búburú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n gbá ni kádàrá wà fún, kó fi tu ara rẹ̀ nínú. Kì í ṣe aṣọ tí ẹni tó gbá a yóò fi borí. Tí kádàrá bá fọ́ iná ẹ̀yìn rẹ̀, kádàrá kan náà ló ní kí o san owó iná. Èmi kò tíì rí òbí kan tí mo sọ fún pé kádàrá ló jẹ́ kí n má kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oṣù yìí, tó sì tún san owó fún mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni ti àforíjì. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá forí jì, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ló ni àforíjì. Ànábì wa sì ti kọ́ wa pé dúkìá ènìyàn kò tọ́ sí ẹlòmíràn àyàfi pẹ̀lú ìdùnnú ọkàn ẹni tó ni í. Ìdùnnú ọkàn wo ló wà lára obìnrin kan ṣoṣo tí ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yí ká, tí wọ́n ń sọ fún un pé bí kò bá fi sílẹ̀, ọ̀dájú ni? Àwọn onímímọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a fi idà ìtìjú gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n ní kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi idà irin gbà. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tó ń wà á. Ó lè jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí dírẹ́bà ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló fún un láṣẹ láti fi ohun olóhun tọrẹ fún ọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin èrò ojú títì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe làdá, ẹ bá wọn gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ bá wọn dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn kí òmíràn má baà tún wá kọ lù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ó fi sílẹ̀ dandan, ẹ dá owó jọ.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú: “Ẹni iwájú ló ṣàdédé tẹ bíréèkì.” Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ bí mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá ní kí àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá méjì wà láàárín yín, ó ju mítà 30 lọ. Ta ló ń fi mítà 30 sílẹ̀ nínú wa? Ohun tí a fi ń dá ẹni ẹ̀yìn lẹ́bi nìyẹn: òun ló ń rí ẹni iwájú, òun ló sì ni àlàfo lọ́wọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni ẹ̀yìn jẹ̀bi. Tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ lóru láìsí iná, láìsí àmì ìkìlọ̀, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn yàtọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ kẹta tì lu ọkọ̀ iwájú, ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ni a ó lọ. Àjọ Majma‘ al-Fiqh al-Islaamii tó wà lábẹ́ OIC jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Brunei ní 1993, wọ́n sì fẹnu kò pé awakọ̀ ni yóò dúró fún ohun tó bá bàjẹ́ lára ènìyàn tàbí dúkìá, àfi tó bá jẹ́ ohun tí agbára kò ká, tàbí tí ẹ̀bi náà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n gbá tàbí ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbá náà, mi ò gbàgbé yín. Ẹni tó fọ́ iná rẹ kò fún ọ láṣẹ láti gbá a létí, tàbí láti já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gbà, tàbí láti fi fóònù rẹ̀ sápò. Bọ́ńpà tó ti sán láti ọdún kẹta, o fẹ́ kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. O sì ti bá páńẹ́ẹ̀lì bítà sọ ọ́ kó bù lé owó iṣẹ́. Haraamu ni. Ohun tó bàjẹ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ, kò sí èrè lórí rẹ̀.

Bí kò bá sí owó lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi, Ọlọ́hun ti ní kí a lọ́ra fún ẹni tí ìnira bá. Ẹ gba nọ́ńbà ara yín, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aaya tó gùn jù nínú Àlùkùránì, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló wà. Ẹ má sì sọ pé “kò sóhun tó ṣe mí” kí ẹ fi ìyẹn parí rẹ̀, torí ọrùn tí ọkọ̀ jù síwájú sẹ́yìn lè má dunni títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì tún wà níbẹ̀. Òfin ìjọba sọ ọ́ di dandan. Láti oṣù January 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ara ẹni fún ọdún kan, ó sì lè san tó mílíọ̀nù ₦3 lórí dúkìá ẹni tí o gbá. Àwọn onímímọ̀ yapa lórí irú ínṣọ́ránsì tó wọ́pọ̀, mi ò ní yanjú ìyẹn lónìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ilé-iṣẹ́ tákáfúlù wà ní Nàìjíríà. Èyí tí kò sí ìyapa kankan lórí rẹ̀ ni ayédèrú ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ní owó pọ́ọ́kú láti fi han ọlọ́pàá. Irọ́ ni, ọjọ́ tí o bá gbá ènìyàn ni yóò sì yé ọ pé bébà lásán lo rà.

Mi ò gba nọ́ńbà obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Sátidé mẹ́ta ni mo fi ń lọ dúró síbi tó ti ṣẹlẹ̀, kí n tó pàdé ọlọ́kadà tó fún un ní okùn. Òun ló mú mi dé ìsọ̀ rẹ̀. Ike ló ń tà. Ó wò mí, ó ní, “Àfáà, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun?” Mo ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi sílẹ̀, mà. Àwọn èrò ló bá yín fi sílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa rìsíìtì jáde nínú dúrọ́ọ̀: iná kan àti iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, ₦75,000. Mo bi í léèrè bọ́ńpà. Ó ní ìyẹn ti sán tẹ́lẹ̀, ọmọ òun ló fi gbá géètì, kí n má san án. Mo ní kò sí owó náà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì yẹn, oṣù mẹ́ta, ₦25,000 lóṣooṣù. Ó ku ti oṣù yìí.