Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Ka Ìwé Náà

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń gbé Minna! Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀.

Ìwé ìtàn kan tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ń ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. All American Boys ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní 2015. Àwọn méjì ló kọ ọ́: Jason Reynolds, aláwọ̀ dúdú, àti Brendan Kiely, aláwọ̀ funfun. Nínú rẹ̀, ọlọ́pàá lu Rashad, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ní àlùbami, ó ní ó jalè ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jalè. Quinn, ọmọ aláwọ̀ funfun, fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá ọ̀hún, òun ló sì ń ṣe bíi bàbá fún un láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú sójú ogun Afghanistan. Ṣé kó sọ̀rọ̀ ni, àbí kó dákẹ́?

Àwọn àgbà kan láàárín wa ní kí a gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí lára ìwé JAMB, àti pé ó ń kọ́ ọmọ láti tú àṣírí ará ilé. A kò gbà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àfi bí ẹni pé àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì mọ òwe yìí: Reynolds sọ ti Rashad, Kiely sọ ti Quinn, òǹkàwé gbọ́ tọ̀tún tòsì. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Fágúnwà àti L. J. Lewis, òyìnbó, ló jọ kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Kí ló wá ń bà wá lẹ́rù? Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa na ọmọ Gbàgyí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ó jí owó. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rí owó náà níbi tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ni a ṣe? A bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, a ní tiwa ni. Kò sẹ́ni tó lọ bẹ ìyá ọmọ náà. Àwọn ọmọ wa sì ń wò wá. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde lòdì sí SARS, gbogbo wa ló ń pariwo pé ọlọ́pàá ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ọwọ́ tiwa ńkọ́? Ọmọ tó bá ka ìtàn Quinn yóò bi wá. Ìbéèrè yẹn là ń sá fún, kì í ṣe ìwé.

Òótọ́ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣe àfojúdi. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn èké kan ọmọ wa lọ́la ní ọjà Minna yìí, ta la fẹ́ kó jẹ́rìí gbè é? Ṣé ẹni tí a kò jẹ́rìí gbe ọmọ tirẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ra ìwé yìí sí i, kí òbí àti ọmọ jọ kà á. Kí ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Gbàgyí kan jọ kọ irú rẹ̀ fún Minna. Ṣùgbọ́n kí àwa àgbà kọ́kọ́ wá ìyá ọmọ yẹn lọ, kí a bẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́.