Ta Ni Fóònù Yìí Ń Bá Wí?

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Abẹ́òkúta. Tísà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wo bóyá owó ìfẹ̀yìntì oṣù yìí ti wọlé. Mo ṣí áàpù báǹkì wọn, mo rí i pé ó ti ní èdè Yorùbá. Inú mi dùn. Mo yí i sí Yorùbá, mo dá fóònù padà fún wọn kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn, ìka yẹ̀ níbì kan, ni ọ̀rọ̀ bá jáde lójú fóònù: "Nọ́ńbà rẹ kò tọ̀nà. Tún un tẹ̀."

Màmá yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí. "Àjàní, ta ni fóònù yìí ń bá wí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jọ ti ẹni tó ń ṣeré. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó dán an wò láé kó sọ fún wọn pé "tún un tẹ̀".

Kì í ṣe pé ẹni tó túmọ̀ áàpù yẹn kò gbọ́ Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní àràárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ náà fúnni ló burú: wọ́n á to gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sínú àtẹ gbọọrọ, wọ́n á ní kó fi Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni náà kò rí ojú fóònù, kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "You" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọdé àti àgbà, òun náà sì mú "o", ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Home" ṣe di "Ilé" nínú áàpù yẹn, tí màmá fi bi mí bóyá báǹkì ti ń yáni lówó kọ́lé. Níbòmíràn tí mo ti rí i, "Save" ti di "Gbà là", bí ẹni pé ìsọjí ni a wá ṣe. Wọ́n tún kọ "3 àtẹ̀jíṣẹ́", nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni Yorùbá sábà máa ń fi iye sí. Èyí kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀bi olùtúmọ̀ rárá, nítorí inú kóòdù ni wọ́n ti kan nọ́ńbà náà mọ́ iwájú, kò sí bó ṣe lè ṣí i nípò. Wọ́n ti kọ́lé tán, wọ́n ti ṣíṣọ lójú rẹ̀, kí wọ́n tó pe Yorùbá pé kó wá kun ọ̀dà.

Bí ẹ bá bi mí, "ẹ" ni kí gbogbo áàpù máa pe gbogbo ènìyàn. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n bá pè ní "ẹ" kò ní kú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Ẹ kọ Ọláṣubọ̀mí pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo bí yóò ṣe pọ́n bí iná, tí yóò ní lẹ́tà yín kò bófin mu. Orúkọ tí bàbá sọni lọ́jọ́ kẹjọ! Àwọn mìíràn gbà á, wọ́n á wá fi àpótí kékeré tàbí àmì ìbéèrè dípò ọ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ìdí wà fún un. Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé abala tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èdè Vietnam ni wọ́n wà. A kàn ń bá wọn lò ó ni. Àwọn ará Vietnam ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀ papọ̀. Àwa kò ní in fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan ni ọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni, ọ kan àti àmì kan tó gùn ún lórí. Fọ́ọ̀mù tó bá ń ka lẹ́tà yóò ṣì í kà. Ẹnìkan sì lè tẹ ò kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ẹlòmíràn á tẹ ọ kó tó fi ohùn lé e. Ohun kan náà ni ojú ń rí, àmọ́ bí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà kò bá ní kó sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, ẹ ó wá orúkọ ara yín títí nínú àkọsílẹ̀, ẹ kò ní rí i. Iṣẹ́ ìlà kóòdù kan ni, nítorí àwọn oníṣẹ́ Unicode ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí owó wọ̀ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kí ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àtẹ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù. Lẹ́tà kékeré è, é, ò àti à wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ ọ kan ṣoṣo bá yọjú, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sórí àtẹ mìíràn, àyè á sì fò láti 160 wálẹ̀ sí 70. Bó bá gùn ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí 67, 67. Ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà 150 tó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan láìsí àmì yóò di mẹ́ta, owó mẹ́ta sì ni wọn ó san fún un. Ìdí nìyí tí Yorùbá tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí wa fi máa ń wá ní ìhòòhò.

Ó ti mọ́ wa lára. Láyé taipuráítà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi bírò fi àmì sórí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹni tí kò sì ráyè a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Oko mi ti baje." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè fi ọgbọ́n gbé e, ẹ ó wo ohun tó ṣíwájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó mọ̀ bóyá oko ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ tí wọ́n fi òrùka fẹ́.

Ẹni tí kò fojú rí i ńkọ́?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, agbẹjọ́rò, tí kò ríran láti kékeré. NVDA ló ń lò, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, tí Michael Curran, ọmọ Australia tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kí James Teh, tí kò ríran bákan náà, tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Mo jókòó tì í bó ṣe ń ka ìròyìn Yorùbá lórí ìkànnì kan. Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ni ìkànnì náà kọ ọ́ sínú kóòdù wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ni ojú ìwé náà, ni ohùn Gẹ̀ẹ́sì bá ń fi imú pe "àwọn aráàlú". Lẹ́tà méjì péré, "yo", ló yẹ kí wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹ̀rọ mọ èdè tó fẹ́ kà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pín ìròyìn fún ẹlòmíràn, ẹ̀rọ ní: "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì." Mẹ́rin ni mo kà. Àwòrán ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò fún wọn lórúkọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá tẹ èyí tí kò yẹ, òun lè dáwó fún ẹni tí òun kò mọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti ọ̀rọ̀ afọ́jú ti pàdé. Ká ní ohùn Yorùbá tó já gaara wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe pe "oko" tí wọn kò fi àmì sí?

Ìlànà fún bí ìkànnì àti áàpù yóò ṣe gba irú ọ̀rẹ́ mi yìí kò ṣọ̀wọ́n. WCAG ni wọ́n ń pè é, àjọ W3C tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù ló ń gbé e jáde, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti wà láti 1999, ẹ̀dà 2.2 sì jáde ní 2023. Ó ní kí dúdú lẹ́tà àti funfun ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà síra tó 4.5 sí 1, kí áàpù tó fẹ́ lé ènìyàn síta nítorí ó pẹ́ kọ́kọ́ kì í nílọ̀, kó sì fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó kéré tán, láti ní òun ṣì wà níbẹ̀. Áàpù màmá mi fi eérú kọ̀wé sórí funfun, ó sì lé wọn síta nígbà tí wọ́n ṣì ń nu awò. Ní Nàìjíríà, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Báǹkì inú fóònù náà ní àbáwọlé.

Mo mọ èsì tí wọn ó fún mi: kò sẹ́ni tó ń lo Yorùbá náà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo oníbàárà ń yàn. Òótọ́ ni. Kí n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, màmá ní kí n dá fóònù àwọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní bí Òyìnbó bá bá àwọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n ni. Níbi tí báǹkì ti ń kà á, wọ́n á ti kọ màmá sílẹ̀ pé oníbàárà tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tó lè ṣe é. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní YorubaName, ìkànnì orúkọ Yorùbá, ti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá síta lọ́fẹ̀ẹ́. Túndé Adégbọlá, tó dá àjọ Alt-I sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ti pẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ ohùn wa. Kí ilé iṣẹ́ pe irú wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń ya àwòrán ilé, kì í ṣe nígbà tí ọ̀dà bá kù.

Ní tiwa, gbogbo áàpù ló ní ibi tí a ti ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín síbẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì. Bí àpótí náà bá kọ̀ láti gba ẹ àti ọ yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí wọn.