Àdúrà Nìkan Kò Lè Gba Káàdì

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ìjọ wa ní Àjùwọ̀n, akọ̀wé ìjọ dìde, ó sì kéde pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tẹ ìṣó ní àná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Gbogbo wa ṣe háà. A gbàdúrà fún un fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kọrin, a gbé igbá ọrẹ, a sì túká. Kò sí ẹnì kan nínú wa, àní èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwà rere, tí ó béèrè ẹni tí yóò bá ìyá yìí lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyí, ìwọ ọmọ ilé-ìwé, kí ó tó di bárakú sí ọ lára bí ó ti di bárakú sí wa lára.

Má ṣe sọ fún mi pé ihò ìṣó kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ihò kékeré tí ó jìn ni ó fẹ́ràn jù. Ó lè wà nínú ara fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àgbọ̀n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí kò fi ní lè la ẹnu mọ́. (Àwọn ènìyàn a máa wí pé ìṣó tí ó dípẹtà ni ó ń fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣó tuntun tí ó ti kan ilẹ̀ lè ṣe é.) Fífọ ojú egbò àti abẹ́rẹ́ ni a fi ń dènà rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì wà ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ọmọ-ọmọ ìyá náà, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, màmá ní kí ẹ jọ̀ọ́ wá bá àwọn ka ìwé kan.” Ojú tì mí. Mo wọ aṣọ, mo sì bá ìyá náà lọ.

Agogo mẹ́jọ ni a dé ibẹ̀. Ojú fèrèsé kìn-ín-ní ni a ti ra káàdì. Wọ́n ní kí a jókòó. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìyá, wọ́n pè é lódì tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ni, bí kì í bá sì í ṣe pé mo dáhùn, wọn ì bá ti fi ìwé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí dókítà, òun sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ akápò wà ní ilé kejì. A sanwó, a gba rìsíìtì, a lọ sí ilé oògùn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ wà ṣùgbọ́n kò sí síríǹjì, kí a lọ rà á lóde. A rà á dé. Nọ́ọ̀sì wo rìsíìtì, ó ní kò ní òǹtẹ̀, kí a padà sọ́dọ̀ akápò. Ojú fèrèsé mẹ́fà ni mo kà. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kan ni ó fi ń tẹlẹ̀! Ibo ni àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá wa wà nígbà tí òǹtẹ̀ kò sí lójú ìwé?

N kò ní bú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí akọ̀wé kan ṣoṣo ni ó ń dá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbójú fò. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọ̀kadà gbá dé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orí rẹ̀, akọ̀wé sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sanwó. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní ìpín rẹ̀ ogún, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohunkóhun tí ó wù kó jẹ́. Ẹni tí ó bá rú u lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Òfin náà kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú; ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀mí ni kí a kọ́kọ́ dá dúró. Mo sọ ọ́ fún akọ̀wé. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó pe nọ́ọ̀sì. Òfin kò ní ẹnu. Ẹni tí ó bá dúró ti aláìsàn ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Bóyá ìwọ náà ti gbọ́ ìwàásù ará Samáríà nínú Lúùkù orí kẹwàá títí ó fi sú ọ. Òróró àti wáìnì ni àwọn oníwàásù wa ń tẹnu mọ́. Wọn kì í sábà dé ilé èrò. Ọkùnrin náà gbé ẹni tí ó gbọgbẹ́ dé ibẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ mọ́jú, ó sanwó sílẹ̀, ó bá onílé sọ ohun tí yóò ṣe, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá san ìyókù. Iṣẹ́ ojú fèrèsé ni ó ṣe yẹn! Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n kọjá lọ mọ àdúrà gbà jù ú lọ. Àwọn tí ó mú ìgbàgbọ́ wá bá wa pàápàá kò ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Fádà Coquard dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Láńtòrò ní Abẹ́òkúta ní 1895. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. N kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára, ó dára.

Àwọn kan nínú ìjọ sọ fún mi pé, “Ṣebí ó bímọ?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Àjùwọ̀n àti Akúté mọ irú ibi tí à ń gbé. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀ ni wá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣí wá, Èkó náà ni ọ̀pọ̀ ń jí lọ ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Agbo ilé wa kò sí níbí. Bí ìjọ kò bá di agbo ilé, kí ni yóò dì í? Àwọn baba wa tí ó ń roko mọ ààrò: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Èwo ni ó ṣòro nínú kí ìjọ kọ orúkọ ènìyàn méjìlá sílẹ̀, kí wọ́n máa gbà á láàárín ara wọn láti bá aláìsàn lọ, bí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí yóò gbá ilé ìjọsìn?

Má sì ṣe rò pé àgbàlagbà nìkan ni mò ń bá wí. Ìwọ mọ̀ ọ́n kà, o mọ̀ ọ́n kọ, ẹsẹ̀ rẹ sì yá nílẹ̀. O lè tò, o lè di ìwé mú, o lè wo rìsíìtì bóyá òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, o sì lè kọ ọ̀rọ̀ dókítà sílẹ̀ kí ìyá má baà gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n dá fún èkejì. Ọmọbìnrin kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tí ilé-ìwé wọn wà ní ìsinmi, ni ó bá ìyá náà lọ. Ó ti lọ gba nọ́ńbà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ra síríǹjì dání. Agogo mọ́kànlá ni wọ́n padà dé.