Kànga Pọ̀, Omi Dà?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí mo bá ní ọmọ Igbókòdá tí ń ra omi mu ni mí, ẹ̀rín ni ẹ máa ń fi mí rín: ẹni tí odò yí ilé rẹ̀ ká! Ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ní Ìkògòsì, ní Èkìtì, òjò tó rọ̀ sórí òkè ni ó gba ibi tí àpáta ti sán wọ ìsàlẹ̀ lọ, ooru inú ilẹ̀ mú un, omi tí ó ń ti òkè bọ̀ sì tì í jáde ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìsun nìyẹn. Tiwa ní Ìlàjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn àti amọ̀ ni ó tò léra wọn; ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ti kan omi. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó ń tàn wá jẹ.

Ẹnì kan tí ń wá ìbò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò wa. Omi mọ́ gaara, a jó, a yọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi inú korobá ìyá mi ti pọ́n. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Irin ni o! Irin yọ́ sínú omi níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ó jáde, ó kan afẹ́fẹ́, ó dípẹtà. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa, kí a sì fi iyanrìn sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ìpẹtà náà yóò kù sẹ́yìn. Ta ni ó ṣètò ìyẹn?

Ti iyọ̀ tún burú jù, pàápàá lápá Ayétòrò tí òkun ti ń jẹ ilé. Ní 1901, Herzberg ará Jámánì ṣàlàyé pé omi dídùn a máa léfòó lórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀ etí òkun: bí ti òkè bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju òkun lọ, ti ìsàlẹ̀ a tó 40. Bí ẹ̀rọ bá wá fa ti òkè wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, iyọ̀ lè gòkè ní 40. Níbòmíràn, iyanrìn oníyọ̀ ni ó wà lókè, tí omi dídùn wà nísàlẹ̀ amọ̀. Bí agbẹ́kànga kò bá dí ọ̀nà iyọ̀ dáadáa, yóò jò sínú èyí tó dára.

Nítorí náà ni mo ṣe lòdì sí kíka iye kànga lọ́jọ́ ìpolongo. Ìwé àyẹ̀wò omi ni kí a máa bi wọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ àti lẹ́yìn ọdún kan.

Kànga wa ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ dúdú nìkan ni ìyá mi ń fi omi rẹ̀ fọ̀.