Ẹ Gbé Páálí Omi Yẹn Kúrò Lóòrùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to omi ìgò jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ń fi ìgò sílẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin ìyá alágbo tẹ́ ẹ ń rọ àgbo gbígbóná sínú ìgò tí ẹlòmíràn ti mu mínírà inú rẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwa tá à ń rà á náà kò yọ sílẹ̀.

Ẹ yí ìdí ìgò náà sókè. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 1 láàárín àmì onígun mẹ́ta, PET nìyẹn. Pọliẹ́sítà ni, òun àti aṣọ tí kì í rún nì jọ jẹ́ ohun kan náà. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Whinfield àti Dickson, ló ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941, aṣọ ni wọ́n sì ń rò nígbà náà, kì í ṣe omi. (Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í ṣe PET, ike mìíràn ni, ṣùgbọ́n òun náà kò yẹ lóòrùn.)

Ẹyọ kéékèèké ló so mọ́ra nínú ike yìí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn gígùn. Ojú ibi tí ẹyọ kan ti so mọ́ èkejì ni àìlera rẹ̀ wà. Bí ooru bá mú un gan-an, omi fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí náà ń já a láti ìta. Bí ó bá pẹ́ títí bẹ́ẹ̀, ike á pọ́n, á le gbagidi, á sì máa fọ́ sí ẹ̀rún. Tí ooru bá tó nǹkan bí 70 sí 80°C, kò tilẹ̀ dúró de ọjọ́ kankan: ó rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgò fi ń súnkì tí àgbo gbígbóná bá wọ inú rẹ̀.

Èròjà kan tún wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní antimony. Òun ni ilé iṣẹ́ fi ń mú kí àwọn ẹyọ náà tètè so pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń kù sínú ike. Ooru ló ń lé e bọ́ sínú omi. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Arizona ṣírò iye ọjọ́ tí omi inú irú ìgò kan yóò fi kọjá òdiwọ̀n antimony tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀. Ní 60°C, 176 ọjọ́ ni. Ní 75°C, kò pé ọjọ́ márùn-ún. Ní 85°C, kò pé ọjọ́ méjì. Ooru gùn díẹ̀, ọjọ́ já wálẹ̀ pátápátá. Níbi tó tutù, èyí tó ń jáde kéré gan-an.

Nítorí náà, n kò bá àwọn tó ń pariwo jẹjẹrẹ lórí WhatsApp lọ. Ìgò PET ni àwọn onímọ̀ ará Switzerland ní kí àwọn tí kò rí omi mímọ́ rọ omi sí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sóòrùn fún wákàtí mẹ́fà, kí ìtànṣán lè pa kòkòrò àìsàn inú rẹ̀. Ọmọ tó ń sáré ta omi nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kò fún yín ní májèlé. Èyí tí mò ń bínú sí ni páálí tó ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lóòrùn, àti ohun gbígbóná tí wọ́n ń dà sínú ìgò.

NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò lórí omi tí wọ́n ń tò sóòrùn, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá NAFDAC ní gbogbo àdúgbò. Owó tiwa ló lè ṣe é. Ìyá alágbo, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó rọ ọ́, tàbí kí oníbàárà gbé fláàsìkì wá. Ẹ̀yin oníbàárà, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ń kó omi sí. Bó bá jẹ́ ìta ni, ẹ ní kí wọ́n mú ti inú ilé wá. Bí kò bá sí, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.