Fọ́tò Kì Í Gbọ́ Ìró Báńgà

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan dábàá pé ká yin báńgà tó ń fò sókè ní alẹ́ ìdágbére àwọn ẹ̀gbọ́n wa SS3, ká ya fọ́tò rẹ̀, ká sì gbé e sí iwájú ìwé ìròyìn yìí. Mo fẹ́ fọ́tò náà dáadáa. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, torí kó lè ya gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Ẹni tó bá wo fọ́tò báńgà, bí òdòdó ló máa rí lójú rẹ̀. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwa tá a wà níbẹ̀ la máa gbọ́ "gbàù!" Ní Chanchaga níbí, àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Niger, "gbàù" lálẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Kagara láàárín òru, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ. Inú ilé ìwé ni àwọn náà ń sùn bíi tiwa. Àwọn kan wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tó jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ilé wọn wà. Kí a tó ṣàlàyé fún wọn pé ayẹyẹ là ń ṣe, wọ́n á ti fo fẹ́ǹsì.

Ẹ rántí Èkó náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kó sómi kànáàlì ní Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lọ nínú òkùnkùn. Ìró tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Wọ́n ní tá a bá ti kéde, kò ní dùn mọ́. Èmi ò gbà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Lagos Countdown ní Bar Beach, ta ni kò mọ̀ pé aago méjìlá òru ni báńgà máa gòkè? Síbẹ̀ èrò ń rọ́ lọ ni. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò gan-an gbọ́dọ̀ mọ àsìkò, torí iṣẹ́ ìmúra ni. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan tí kì í mì (ọwọ́ wa ń gbọ̀n ju bá a ṣe rò lọ). Ká pa fláàṣì, torí kò lè dé òkè, orí àwọn tó wà níwájú ló máa tàn sí. Ká jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí iná lè fa ìlà ara rẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ láti ẹ̀yìn wa, kó lè gbé èéfín lọ. Àwọn àkọ́kọ́ ló máa ń mọ́ jù, kí èéfín tó bo ojú ọ̀run.

Ká sì jìnnà. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí mo bá ti lè sọ pé "ení" kí n tó gbọ́ ìró iná tí mo rí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí kámẹ́rà wà.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa sọ fún mátírọ́ọ̀nù, fún àwọn aládùúgbò, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, torí a mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kìlọ̀ nípa báńgà ní gbogbo oṣù Kejìlá. Tí wọn ò bá gbà, ẹ má jẹ́ ká bínú. Ẹ jẹ́ ká la ojú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú òkùnkùn, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì kọ "Ó dàbọ̀" sínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ o, kí olùkọ́ wa má bàa gé máàkì. Yóò hàn nínú fọ́tò bí iná gidi, kò sì ní dún rárá. Tọ́ọ̀ṣì méjì wà lọ́wọ́ mi.