Ẹgbẹ́ Tí Ó Jẹ́ Orúkọ Olówó

Ní oṣù tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìfọ́n ṣe ìpàdé ní iwájú ilé wa. Olówó kan, ọmọ ìlú tí ó ń gbé ní Èkó, fẹ́ ra aṣọ, bàtà àti bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: kí wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí orúkọ tirẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Ìbàdàn nítorí ogún ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó mọ Leventis United nínú yín?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Èmi náà kò lè dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ olókòwò Leventis ni ó ni ẹgbẹ́ náà, Ìbàdàn sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ní ọdún 1984, ó borí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tí Olóyè MKO Abíọ́lá dá sílẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1985, ó dé àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì fi ayò méjì sí òdo nà án. Leventis náà fi ẹyọ kan sí òdo nà wọ́n padà. Ayò kan ṣoṣo ni ó kù kí wọ́n fi bá wọn dọ́gba. Ní ọdún 1986, ó gba líìgì, ó sì tún gba ife mọ́ Abiola Babes lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1987, wọ́n ti tú ẹgbẹ́ náà ká.

Abiola Babes náà gba ife ní ọdún 1985 àti 1987, ṣùgbọ́n òun náà kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlú Benin, tí ọ̀nà Ìfọ́n wa yìí lọ sí: ẹgbẹ́ New Nigeria Bank, níbi tí Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù, gba ife Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1983 àti 1984, ó sì gba líìgì ilẹ̀ wa ní ọdún 1985. Lónìí, àti ẹgbẹ́ àti báńkì, kò sí èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ náà mọ́.

Bàbá Ìbàdàn ní, “Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ẹni mu. Ẹ wo 3SC. Ó ti jẹ́ WNDC rí, ó ti jẹ́ IICC rí, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn gbà pé tiwọn ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi wà títí dòní.”

Ọmọkùnrin kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ lásán ni àwa fi ń gbá bọ́ọ̀lù.”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí kò bá sí owó Leventis àti ti Abíọ́lá, àwọn ayọ̀ ọdún 1984 àti 1986 yẹn kì bá tí wáyé rárá. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a kẹ́gàn ẹni tí ó na owó rẹ̀ fún eré ìdárayá àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí orúkọ bá jẹ́ ti ẹnì kan, ọjọ́ tí ọkàn onítọ̀hún bá yí padà, kò sí ẹni tí yóò rò pé òun ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹgbẹ́ náà dìde.

Níkẹyìn, wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé kọ lẹ́tà sí olówó náà. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: kí orúkọ wọn wà ní àyà aṣọ, kí orúkọ ẹgbẹ́ wà bí ó ti wà. Mo tún ra ìwé ńlá kan, a sì kọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù àti èsì eré kọ̀ọ̀kan tí a rántí sínú rẹ̀.

Olówó náà kò tíì fèsì. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ọmọ náà ṣì wà lórí pápá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Bàbá Ìbàdàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ìwé náà wà lórí itan wọn.